Abọ́ Tó Wà Lábẹ́ Mọ́tò Tísà

Lónìí, èmi mẹkáníìkì, mo já páìpù tábà gbà lẹ́nu àgbàlagbà!

Tísà kan ní Iffe, ìlú ìtòsí wa, ló ránṣẹ́ sí mi ní Kabba. Mọ́tò tó rà lọ́wọ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ń jò, kò sì fẹ́ sítáàtì.

Mo débẹ̀, mo kí i, "Okun o, sà." Abọ́ ńlá ni mo bá lábẹ́ mọ́tò.

Tísà ní, "Omi rèdíétọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, odò sì jìnnà. Bó bá ti kún abọ́, mo ń dà á padà."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Epo bẹntiróòlù ni! Epo ti jò tán nínú táǹkì, ọ̀gá ń rọ ọ́ sí rèdíétọ̀, ó tún ń bú mọ́tò pé ọ̀lẹ ni.

Ló bá tún gbé abọ́, páìpù ń rú èéfín lẹ́nu rẹ̀. Mo já a gbà.

"Èmi lo já nǹkan gbà lẹ́nu? Èmi tí mo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ níwèé?"

"Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ gbóòórùn abọ́ yẹn."

"Ọ̀fìnkìn ò jẹ́ kí n gbóòórùn láti ìjẹta."

Títí di báyìí, ó ń bínú sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rí sí i? Ṣé kí n lọ bẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n dá páìpù rẹ̀ padà, kó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀?