Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Mo rántí ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi fi Òde-Ayé, ìlú wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀, sílẹ̀ lọ bá ọmọ wa nílùú òyìnbó. Ọjọ́ kan náà la gúnlẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi nìkan ló dé. Kí oṣù tó parí, ó ti mọ ẹni tí orúnkún ń dùn àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ládùúgbò. Èmi kò mọ̀ ju ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àwa ará ilé lọ. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní àwọn àgbà ló wí i pé àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi tiẹ̀ di ojú náà ni. Ẹ̀rù ń bà mí.

Aládùúrà ni wá; a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ìyàwó mi máa ń ká tirẹ̀ sínú báàgì, ó di ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọ̀ ọ́. Èmi akọni, ilé ni mo ti ń wọ tèmi, màá fẹsẹ̀ lásán tẹ yìnyín lọ.

Nígbà tí a ti lo ọdún kan níbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá bàtà aláwọ kan, tọ̀tún tòsì, lẹ́nu ọ̀nà wa. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ta ló jẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kò mọ ẹni tó gbé e síwájú ilé òun? Mo ka Sáàmù, mo fi igi ìgbálẹ̀ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike pàǹtí tó wà níta, mo mí kanlẹ̀.

Ni ìyàwó mi bá ti ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó òyìnbó tó ń gbé lódìkejì títì dé.

"Bàbá, bàtà yín dà?"

"Bàtà wo?"

"Èyí tí ìyá gbé wá. Ó ní òun ń rí ẹsẹ̀ yín nínú yìnyín, àánú yín ń ṣe òun. Bàtà ọkọ rẹ̀ tó kú ni o!"

Mo jẹ́wọ́. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí ti dé ìsàlẹ̀ títì!"

Ẹ wo àgbàlagbà tó ki orí bọnú ike. Nígbà tí mo fi fa bàtà náà jáde, ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí. Ẹ̀rù ní kí n sá wọlé. Ìtìjú kò gbà. Mo nu bàtà náà mọ́ aṣọ mi, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fún mi pinpin, mo sọdá. Mo fi gẹ̀ẹ́sì mi tó ń tiro rojọ́ gbogbo, títí kan igi ìgbálẹ̀.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Ó wá ní, "Bí ọkọ mi náà ì bá ti ṣe nìyẹn. Kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Wọlé, òtútù ń mú."

Ilé òyìnbó tí mo kọ́kọ́ jókòó sí nìyẹn. Mo ti padà wálé báyìí. Àwọn ọmọ tó ń múra àtilọ a máa wá bi mí bóyá òtútù ibẹ̀ le. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹlòmíràn á fi ẹ̀rín wọ̀lú bí ìyàwó mi, ẹlòmíràn á fi ìtìjú wọ̀ ọ́ bí èmi. Wọ́n á jọ wọlé náà ni. Ohun tó ń dùn mí ni ọdún kan gbáko tí mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí n kò mọ̀ pé ẹnìkan ń wo ẹsẹ̀ mi, ó sì ń káàánú mi.