Ẹni Tó Pọn Òyìnbó Ni Wọ́n Kọ Pé Ó Sá

Olúsànmí Fọláyan kú ní oṣù tó kọjá ní Odode, nílẹ̀ Ìdànrè wa yìí, ní àárọ̀ kùtù, lórí àga tó wà níwájú ilé rẹ̀. Kakí tó fi ja ogun Hítílà ló wọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọlará, ti lọ̀ ọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, nítorí ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni ọkùnrin náà jókòó dè. Ọkọ̀ dé. Dírẹ́bà fọn fèrè títí, fèrè kò jí i. Ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ dìde, èrò ń bínú o." Ìgbà tó fọwọ́ kàn án ló tó mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá wí ti lọ. Ikọ́ tó ti ń bá a fínra láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pa á. Ará àdúgbò rẹ̀ ni èmi tí mo ń kọ èyí, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí ló ń lọ ṣe ní Àkúrẹ́? Ó ń lọ sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ṣọ́jà àtijọ́ sí. Ó fẹ́ kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ṣe. Ìgbà mélòó ló ti lọ? Ẹ má bi mí, ẹ bi ọ̀nà Àkúrẹ́. Ogun tí wọ́n fi ìbọn jà ní Bọ́mà, òkè òkun tí wọ́n kó wọn lọ, parí, olúkúlùkù sì darí sílé. Ogun bébà yìí ti tó ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀tá kò sì tíì yin ìbọn kan ṣoṣo. Ó kàn ń wí pé, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mi ò sọ pé wọ́n ń ṣe ìmẹ́lẹ́ o. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti dá ọkùnrin kan padà láì ṣinmi láti ọdún yìí dé ọdún yẹn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bọ́mà. Wọ́n ń la igbó kan kọjá, ọ̀tá yìnbọn lù wọ́n, ọta sì ba ọ̀gá wọn, òyìnbó kan, ní itan. Gbogbo wọn sá. Fọláyan padà. Ó gbé ọ̀gá pọ̀n bí ẹni pọn ọmọ, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó la odò kọjá, títí ó fi gbé e dé àgọ́ dókítà. Ọmọ Ìdànrè ni, wọ́n bí i sí ìdí àpáta, ó sì ti ń ru koko sọ̀ kalẹ̀ láti oko kí ó tó mọ ṣòkòtò í wọ̀. Kí ni òkè Bọ́mà máa fi ṣe é? Ẹni kan ṣoṣo ló bá a padà, Àjàgbé, ọmọ ìlú Aládé ní Ìdànrè níbí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ọjọ́ orí jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un. Òun ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà kan wá, wọ́n to àwọn ṣọ́jà sí ìlà fún un. Ó ní kí ẹni tó gbé ọ̀gá jáde bọ́ síwájú. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ta nínú yín ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síwájú kí àgbà tó dúró tì í tó mira? Fọláyan dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àjàgbé sì ṣe ohun tí àgbà máa ń ṣe: ó ṣáájú kí ó lè la ọ̀nà, kí ó sì wí pé, "Àbúrò mi nìyí, òun ni." Kò tíì la ẹnu tí òyìnbó ti gbá a lọ́wọ́ mú, tí akọ̀wé sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀, sájẹ́ǹtì ní kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó padà sí ìlà. Àwọn méjèèjì fi ṣẹ̀rín. Àjàgbé ní, "Bí a bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣeé sọ, màá sọ ọ́." Kò dé ibẹ̀. Ọta ìbọn ba òun náà kí oṣù tó parí.

Bí mẹ́dàlì ṣe di ti òkú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í ṣe àṣìṣe kan kó wá jókòó. Lásìkò tí Fọláyan ń pọn òyìnbó lọ nínú igbó, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ṣọ́jà ní àgọ́. Wọ́n pe tirẹ̀, kò dáhùn. Báwo ni ẹni tí òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe fẹ́ dáhùn? Wọ́n kọ òun àti Àjàgbé sílẹ̀ pé wọ́n sá, mẹ́dàlì ló wá pa ti Àjàgbé rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé di òní olónìí: Àjàgbé, akọni; Fọláyan, ìsáǹsá. Ọkùnrin náà kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n pa "ó sá" yẹn rẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tó yẹ, nítorí Olútóyìn ọmọ rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ìsáǹsá ni.

Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé tó gbà wá, Dominic ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní. Ó ní ohun tó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ni pé kí Àjàgbé fúnra rẹ̀ wá sọ pé òun kọ́.

Mo ní, "Àjàgbé ti kú."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ó wà nínú ìwé."

"Báwo ni yóò ṣe wá?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

Mo ní kí wọ́n bi òyìnbó tí wọ́n gbé. Ó ní wọ́n ti bi í. Òyìnbó ní ojú òun ṣú nígbà náà, ìpàkọ́ nìkan ni òun rí, àti pé nínú ìrora, òun ki èékánná bọ ìpàkọ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Fọláyan dìde, ó yí padà, ó sì tẹrí ba kí akọ̀wé lè rí àpá èékánná tó wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Dominic fò dìde.

"Bàbá, èmi lẹ̀ ń kọ ìpàkọ́ sí? Èmi, òṣìṣẹ́ ìjọba?"

Ó lé wa jáde. Ẹ̀rí dúró síwájú rẹ̀ gbangba, àfojúdi ló rí.

Ní ọjọ́ Ẹ́ńpáyà, ọjọ́ tí a fi ń yẹ́ ọba òyìnbó sí, nígbà tí àwọn ṣọ́jà àtijọ́ bá tò síwájú kóòtù, ẹ̀yìn àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń fi Fọláyan sí, nítorí pé àyà rẹ̀ ṣófo. Ó ń lọ lọ́dọọdún. Ó ń bá àwọn ọmọ kọ orin, wọ́n a sì fún un ní bisikíìtì bíi tiwọn. Ó sọ fún mi pé bisikíìtì náà kò burú.

Ta ni kò mọ ẹ̀yìn Fọláyan ní ìlú yìí? Bí ọdún Orósùn, òrìṣà ìlú wa, bá dé, tí ará ilé Ìyá Àjàgbé bá ń lọ sí ìlú wa àtijọ́ lórí òkè, Fọláyan á ti Odode lọ sí Aládé, á gbé ìyá arúgbó náà pọ̀n, á sì pọ̀n ọ́n gòkè. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni o! Àwọn àgbà ìjọ bi í pé kí ló ń wá níbi ọdún òrìṣà. Ó ní òun ò bọ òrìṣà kankan, ìyá ọ̀rẹ́ òun ni òun ń pọ̀n. Tó bá débẹ̀, á jókòó sábẹ́ àpáta, á máa ka sáàmù rẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe tán, á tún pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyá á gbàgbé, á pè é ní Àjàgbé. Fọláyan á dáhùn.

Ìyá yìí ni wọ́n gbé mẹ́dàlì fún nínú àpótí kékeré kan. Nígbà tí Fọláyan sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un, ìyá wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ láti dá a padà. Ó fi èdè Ìdànrè rẹ̀ sọ fún wọn pé, "Éè ṣe ti ọma mi. Ẹ fún ẹni tó ni ín." Wọ́n ní ìwé kì í purọ́, ìyá ló ti darúgbó. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Níbo la tún ti ń lé ẹni tó fẹ́ dá nǹkan oníǹkan padà, bí kò ṣe lọ́dọ̀ àwọn olóye wa?

Lọ́jọ́ tí a ń sin Fọláyan, Ìyá Àjàgbé ní kí a má tíì dé pósí. Wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó fi mẹ́dàlì náà há àyà kakí yẹn, ó ní, "Gba nǹkan rẹ." Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, ojú kò sì tì mí.

Ẹ wá wo bí ìjọba ṣe mọ eré í sá! Ọ́fíìsì tí kò mọ ọ̀nà Ìdànrè láti ọdún mẹ́sàn-án mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Dominic bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òun àti ọlọ́pàá kan. Ó ní a ti sin mẹ́dàlì ìjọba mọ́ ẹni tí kò ni ín, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni lábẹ́ òfin. Ó ní kí a hú òkú jáde kí òun gba ohun ìjọba.

Ọmọlará jáde sí i nínú aṣọ ọ̀fọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Àṣé ẹ mọ ilé wa."

Ó gbé àga fún un. Àga ọjọ́sí yẹn náà ni.

"Ẹ jókòó dè é. Òun náà jókòó dè yín."

Dominic kò jókòó. Ó ní òun ń padà bọ̀.

Ó dáa. Ẹ̀yin ọ̀gá Dominic, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Ẹ ò ní hú òkú kankan ní Odode, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà lẹ́nu wa. Ẹni tó lé ìyá arúgbó padà, kí ó jáde kí a rí ojú rẹ̀. Ẹ gbé ìwé tí ẹ kọ "ó sá" sí wá, kí ẹ pa á rẹ́ níṣojú Olútóyìn àti àwọn tó ń fi bú u. Bí mẹ́dàlì bá sì ń jẹ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹ́ńpáyà ò ní pẹ́ dé. Ẹ to gbogbo wa sí ìlà níwájú kóòtù, kí ẹ sì tún ìbéèrè Bọ́mà yẹn bi wá: ta ló gbé ọ̀gá jáde? Ìyá Àjàgbé ló dàgbà jù nínú gbogbo wa. Ó ti sọ fún mi pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ò ní ṣáájú. Ọmọ Fọláyan ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síta, àwa àgbà yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kí akọ̀wé yín ti gègé rẹ̀ bọ tàdáwà sílẹ̀.