Ìwé Jámánì Tí Mo Tò Síbi Tí Kò Yẹ

Ká má purọ́, mo jowú ọmọbìnrin náà. Nígbà tí owó epo ń ṣàn kiri Èkó, tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ń hù bí olú ní Ìsọlọ̀, èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ òyìnbó Jámánì kan tó ń kó ẹ̀rọ ìhunṣọ wọlé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Mo ti ra ìwé atúmọ̀ èdè, kò sì sí aládùúgbò mi kan ní Ṣógúnlé tí kò mọ̀ pé mò ń kọ́ èdè Jámánì. Ẹnu mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wọn ló ń dà mí láàmú. "Angebot" ni iye tí ọlọ́jà dá lé ọjà tí a kò tíì rà. "Rechnung" ni ìwé tó ní ká wá sanwó. "Quittung" ni ẹ̀rí pé a ti san án. "Mahnung" sì ni ìránnilétí pé a jẹ gbèsè. Mo há gbogbo wọn sórí, ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé iwájú mi, wọn a dàrú mọ́ra wọn.

Ọmọbìnrin yìí kò ra ìwé kankan. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ l'Óṣòdì, ibẹ̀ ló ti rí ọgbọ́n dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, Angebot, a ṣì ń nájà. Rechnung, a ti di aṣọ fún kọ́sítómà. Quittung, owó ti wọ àpò. Mahnung, Màámi ti fi gèlè gbájá, wọ́n ń lọ ká onígbèsè mọ́lé!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín in. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo ronú kàn án?

Ọ̀gá wá sọ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ló máa lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní Jámánì. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti pe ọmọbìnrin yẹn, etí mi á wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọdé tó láṣọ bí àgbà kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi sì pọ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pe àwa méjèèjì, ó gbé ìwé kan kalẹ̀, ó ní ká sọ fáìlì tó yẹ ká tò ó sí. Ọmọbìnrin náà ni ó kọjú sí. Òun fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Mo wo ìwé náà. "Rechnung" wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo nawọ́ sí fáìlì Rechnung. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà rọra fi Yorùbá, tí òyìnbó wa kò gbọ́, sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Màámi ti ń lọ ká wọn mọ́lé."

Mo gbọ́ ọ ketekete, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n owú kò jẹ́ kí n gbà á. Mo rò pé ó fẹ́ kí n ṣì í ni, kó lè rí ọ̀nà gba orí mi kọjá. Mo sọ fún ọ̀gá pé Rechnung ni.

Ọ̀gá mirí. Ó ní Mahnung ni, lórí owó tí a ti jẹ tipẹ́. Bí a bá tò ó bí ìwé tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì la máa san án.

Ọmọbìnrin náà ni wọ́n rán lọ. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn ni?"

"N ò gbọ́."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní kí n má bínú, ó yẹ kí òun ti sọ ọ́ sókè.