Iṣẹ́ Abẹ Méjì, Orí Kan

Mo rántí ìgbà tí ọmọ mi obìnrin kò lè fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ gbígbóná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, èmi àti òun nìkan la jọ ń gbé nínú fúláàtì wa ní Peckham, nílùú òyìnbó. Bó bá ti ń fẹ́ núdù pé kó tutù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á rọ, ṣíbí á bọ́, ọ̀rọ̀ á sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ní pẹ́ tí á fi padà sípò. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ kéà, tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó tí rọpárọsẹ̀ ti mú, fóònù ni mo dá lẹ́bi. Mo ní ó ń tẹ̀ ẹ́ jù.

Nígbà tó ń ṣe é léraléra, mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Camberwell, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi hàn wá pé àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ti ń dí lápá méjèèjì. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó hù láti ràn wọ́n lọ́wọ́ rí bí èéfín. Bó bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ, iṣan á tún súnkì, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó ọpọlọ. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n, kò sì sí oògùn tó lè la iṣan náà. Apá òsì, tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ sísọ, ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, ọ̀nà méjì ló sì wà. Wọ́n lè mú iṣan kan láti awọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kí wọ́n rán an mọ́ ti ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ya wọlé lójijì lè da ọpọlọ láàmú. Wọ́n sì lè tẹ́ iṣan náà lé ọpọlọ láì rán an, kí tuntun máa hù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èyí rọrùn díẹ̀, àmọ́ rọpárọsẹ̀ lè dé kó tó hù tán. Dókítà ní ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìyẹn fún, pé àgbà ni wọ́n ń rán tiẹ̀. Ọmọ mi wà láàárín. Ó ní ká lọ rò ó.

Mo ra ìwé ẹ̀sásáìsì, mo fa ìlà sí i láàárín, mo kọ ọ̀nà kan sápá kan, èkejì sápá kejì. Mo bi àwọn nọ́ọ̀sì, mo bi Aunty mi ní Forest Hill, mo pe ìyá mi nílé. Ìyá mi ní ohun tí a bá fẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, bí mo ṣe yan èyí tí kò ní rírán nìyẹn. Mo wá ń ṣàlàyé iṣan ọpọlọ ní mọ́sáláṣí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mú ọ̀bẹ. Alfa wa tẹ́tí sí mi títí, wọ́n wá bi mí pé kí ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí.

Mo délé, mo jókòó tì í, mo bi í. Kò gbójú sókè kúrò lórí fóònù rẹ̀.

“Mummy, ẹ ti bi everybody. Orí mi ni. Mo fẹ́ èyí tí wọ́n máa rán.”

Mo ka gbogbo ewu ibẹ̀ fún un. Ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

“Ẹ̀rù ń bà mí. But mi ò lè máa bẹ̀rù fún oṣù mẹ́fà.”

Wọ́n rán an. Ó jí, ó di ọwọ́ mi mú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tuntun ni ọpọlọ ń kọ́ láti gbà, pé ohùn á padà. Ọmọ mi á la ẹnu, á wá ọ̀rọ̀ tì, omijé á máa bọ́. Mo wọ ilé ìwẹ̀ ọsibítù, mo bú ara mi pé mo gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó wò mí, ó ní, “Omi.” Mo sáré bu omi fún un, mo da ìdajì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó kan apá ọ̀tún, èyí tí kò ní rírán ni òun fúnra rẹ̀ yàn. Ó ní òun lè dúró wàyí.

Ó ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Bermondsey. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó ṣì máa ń wá ọ̀rọ̀ kó tó rí i sọ. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó yàn ló dára jù; ká ní ohùn rẹ̀ ò padà ni, bóyá mi ò ní lè sọ ìtàn yìí. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ìka kan iwájú etí rẹ̀ lápá òsì, níbi tí iṣan náà ti ń lù lábẹ́ awọ. Ó máa ń fún mi láyè díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra gbé ọwọ́ mi kúrò, á ní bọ́ọ̀sì òun ti ń bọ̀.