Ibú Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Yà Sórí Ìwé

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó di akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja. A ò pọ̀ rárá: tíṣà bíi tèmi, télọ̀ kan ní Mọ́níyà, àti òṣìṣẹ́ yunifásítì díẹ̀ tó ń gbé ní Àjíbọ́dè. Ní Sátidé, a ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ wa, a ó lọ jókòó sétí odò. Kì í ṣe ebi ló ń gbé wa lọ síbẹ̀. Ní tèmi, ìdákẹ́jẹ́ ni mo ń wá, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Nígbà tó yá, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. A ó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú ganrínganrín, ìwọ̀ ò ní mì. A mọ ohun tó fà á. Àwọn kan ń da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko sínú omi lápá òkè. Bí ẹja bá ti kú tán, wọn á wá fi agbọ̀n kó o. Ìdí tí wọ́n fi sọ mí di akọ̀wé nìyẹn, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà.

Mo kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, mo kọ ọ́ sí yunifásítì, mo kọ ọ́ sí àjọ kan tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa wá, gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpàdé ń gun orí ìpàdé. Àjọ náà pín fìlà fún wa, wọ́n ya fọ́tò wa. Ìjọba ìbílẹ̀ ri pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má da oògùn sódò mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, níbi tí ẹni tó ń lọ sódò kì í gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn, ó ní, "Bàbá, ibi tí mọ́tò wa lè dé nìyẹn."

Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sú mi ni obìnrin olùkọ́ yunifásítì tó mọ̀ nípa ẹja. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ bàtà òjò bọ́ sómi. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń wọn ẹja, tí a ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí a ó sì rọra dá a padà. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Sà, ibo lẹja ti ń yé lódò yìí?"

Pẹ̀lú gbogbo Sátidé tí mo ti lò níbẹ̀, mi ò mọ̀.

Ìyá àgbà kan ní abúlé tó wà lókè odò ló mọ̀. Ìdílé wọn ló ń bọ odò náà. Ó mú wa lọ síbi ibú kan tí igi ṣíji bò, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, wọn kì í pẹja níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo dúró sẹ́yìn díẹ̀. Ìyá rí mi.

"Tíṣà, ẹ sún mọ́ ibí. Omi ni, kò ní gé yín jẹ."

Obìnrin yunifásítì na àwọ̀n kékeré sómi. Ẹja wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A fẹnu kò pé ibú yìí la ó dáàbò bò. Ìyá gbà, ó ní, "Àmọ́ ẹ má pariwo ibẹ̀ o."

Èmi akọ̀wé délé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ya ọ̀nà ibẹ̀ sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ náà. Inú mi dùn sí bí ó ṣe mọ́ lójú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, Ìyá ní kí wọ́n pè mí lórí fóònù láàárọ̀. "Tíṣà, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ti ṣe é."

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ẹja ti léfòó lójú ibú, ikùn wọn funfun báláú. Àwọn èèyàn ń fi korobá kó o. Mo ń kígbe pé májèlé ni, pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Obìnrin kan tó gbé abọ́ rù dúró, ó wò mí, kò bínú.

"Bàbá, kí la ó wá jẹ?"

Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀.

"Níbo lo ti ra ẹja yìí?"

"Ọjà Mọ́níyà ni, Dádì. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tódò dé ni."

Mo gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn ilé, mo gbẹ́lẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀. Kò bá mi jà. Gàárì la mu.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, télọ̀ wa wá sílé. Kò lè jókòó dáadáa. Ó ní kí wọ́n tó da oògùn síbú náà, àwọn ọkùnrin méjì kan wọ ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n wo ìwé tí àjọ náà lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n béèrè ọ̀nà.

"Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá wa ṣẹgbẹ́ ni, Tíṣà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Ẹ má bínú."

Mo ní kó mú ìwé náà wá kí n rí i. Àwòrán mi ló wà níbẹ̀, ibi tí odò ti yà, igi tí mo fi ṣe àmì, ọ̀nà tó wọ ibú. Àjọ náà ti tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀ mèremère.

Mo lọ bá Ìyá, mo sọ fún un pé èmi ni. Ó ní, "Ẹ lọ ya á kúrò lára ògiri ná." Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti télọ̀ fi ń rìn kiri Mọ́níyà àti Àjíbọ́dè, tí a ń ya gbogbo èyí tí àjọ náà ti lẹ̀ káàkiri.

Àjọ náà ní iṣẹ́ àwọn níbẹ̀ ti parí. Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé ìjọba ìbílẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan rí. Àwọn ará abúlé Ìyá ń ṣọ́ ibú náà báyìí, ìdílé kan lẹ́yìn èkejì, ẹgbẹ́ wa náà sì ní ọjọ́ tiwa. Mo ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, obìnrin yunifásítì tún na àwọ̀n rẹ̀. Epìyà wẹ́wẹ́ mélòó kan ló gbé sókè, kò tó ìdajì ti ìjọ́sí. Ó ní, "Sà, ẹ wò ó, wọ́n ń padà bọ̀!" Mo fẹ́ yọ̀ bíi tirẹ̀. Mo jókòó lórí òkúta, mo ń bọ́ bàtà mi, mo ní kó ka gígùn wọn fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀.