Pátákó Méjì fún Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ Wa

Ọkọ mi ń jowú, kì í sì í ṣe nítorí tèmi. Ká ní nítorí mi ni, ǹ bá ti fi yangàn láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń bá jowú, lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ lọkọ mi ń ṣe. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ilé ìwé, "Ẹ má tọ̀ síbí," gbogbo rẹ̀ ló ń kọ. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà kan wà tó fẹ́ràn bí ọmọ àbígbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kò dọ́gba: ọ̀kan sanra bí òpó, èkejì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ní orí àti ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ọkọ mi ń pè ní bàtà. Òun lẹ máa ń rí lára ìgò lọ́fínńdà, níwájú ìwé ìròyìn àwọn ológe, lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Lẹ́tà olówó ni. Ó fẹ́ àyè, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ òun gàdàgbà. Ọkọ mi a máa sọ pé ẹni tó bá fi lẹ́tà yẹn kọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn fẹ́ pa aláìsàn ni, torí ojú ò ní rí ìlà tín-ín-rín rẹ̀ tó bá kéré.

Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí ìlà lè sanra, àti bí wọ́n ṣe ń gbé e díẹ̀díẹ̀ kó lè tín-ín-rín. Èyí tó tẹ̀ mọ́ ọn létí jù ni pé kí ọ̀dà tó gbẹ, kó sọdá títì, kó wo pátákó láti òdìkejì.

"Àwọn tó ń kọjá lọ lò ń kọ ọ́ fún," ó máa ń wí, "kì í ṣe imú ẹ."

Àbúrò gbọ́, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yọ Kékeré kúrò. Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́ Ọ̀gá lásán lẹ́nu oníbàárà, ó wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun.

"Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà," ó ń sọ ọ́ kiri ilé, "kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Àkísà yín wà lórí okùn níta," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ká a."

Ọmọbìnrin wa wá parí ẹ̀kọ́ aṣọ rírán, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá títì. Ó wá kí wa, ó ní bàbá òun kékeré ti ń kọ pátákó fún òun.

Ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti kú ni?"

"Dádì, ẹ má bínú. Mo rò pé ọwọ́ yín dí ni. Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín, èyí tó bá dáa jù la máa gbé kọ́."

Ẹ gbọ́ ọmọ òní! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí iṣẹ́ àbúrò bá wà lókè ilẹ̀kùn ọmọ ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò tún gbà pé ẹ̀gbọ́n lọ̀gá? Ohun tó ń já ọkọ mi láyà nìyẹn.

Ó gbé pátákó wọ yàrá tí a ń sùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bo fèrèsé, nítorí àbúrò rẹ̀ máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, kò sì fẹ́ kó rí i. Òórùn ọ̀dà lé mi lọ sí pálọ̀. Nígbà tó pè mí wá wò ó, mo lanu sílẹ̀. Ìlà tín-ín-rín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irun orí, kò sì wọ́ níbì kankan.

"Ṣé ó lè ṣe èyí?" ó bi mí. "Ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n ni."

Èmi náà gbóríyìn fún un. Ṣé ìdí ibùsùn kọ́ ni mo dúró sí, tí pátákó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi?

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ wa ní ká lọ dúró sí òdìkejì títì. Pátákó àbúrò ti wà lára ògiri. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn, ó wo ìlà tín-ín-rín rẹ̀, ó rí i pé ó sanra ju tòun lọ, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé tiẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí aṣọ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọdá wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀rín náà wọlé.

Lẹ́tà àbúrò dúró digbí. Ti ọkọ mi, ojú wa ò rí ìlà tín-ín-rín mọ́ láti ibẹ̀; àwọn ẹsẹ̀ tó sanra nìkan ló kù, wọ́n dá dúró bí òpó ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé sí. Kò sẹ́ni tó lè kà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò rọra béèrè, "ṣé ẹ ò wò ó láti òdìkejì ni?"

Kí ni kí ọkọ mi sọ? Pé nítorí rẹ ni mo ṣe há ara mi mọ́ yàrá? Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i.

Ti àbúrò ni wọ́n gbé kọ́ síta. Ọmọ wa gbé ti bàbá rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e kọ́ síbi tó ti ń wọn àwọn oníbàárà, ó ní níbẹ̀ lojú á ti rí i dáadáa. Ọkọ mi ò dúpẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó fajúro.

Àbúrò wọlé wá mú àkàbà rẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ, ó bá dúró. Ó sún mọ́ pátákó náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé imú lé e, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà tín-ín-rín kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń korò díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Òun ló ti ń bá mi gbélé láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbé àkàbà, ó jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi rí gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó na ara, ó ní ebi ń pa òun.