Ìyá Ọkọ Mi àti Iná Inú Ògiri

Bí ìyá ọkọ mi bá wọ yàrá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n á ní, "Iná tó bá ń dún nínú ògiri, ṣe ló ń bínú." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ, ọmọ mi sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyàwó mi, ṣé o gbọ́ nǹkan?"

"Kí ni, Mà?"

Wọ́n sáré lọ pa iná gbogbo ilé. Ìgbà náà ni òórùn rọ́bà tó ń jó tó kàn mí nímú. Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níbi orí ọmọ mi, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú.

Ọkọ mi ní kó kàn pààrọ̀ wáyà. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní kó fi bíréékà tuntun sí i, irú èyí tó máa ń pa iná fúnra rẹ̀ bí wáyà bá ti ń ta pàrà níbi tí ojú ò tó.

"Mi ò ní wà níbí títí láé láti máa fi etí ṣọ́ yín," wọ́n sọ fún mi.

Lẹ́yìn tí Ìyá papòdà, eku jẹ wáyà fíríìjì wa nígbà tí mo lọ sí Ọjà Balógun. Kí n tó délé, bíréékà ti pa iná, ọmọ mi sì ń ráhùn pé òun ò rí tẹlifíṣọ̀n wò. Mo gbá a mọ́ra pẹ̀lú omi lójú, mo ní, "Jẹ́ ká ṣe àdúà fún ìyá bàbá rẹ."